Sálúbàtà Ọ̀tún Tó Ń Bọ́: Àkọsílẹ̀ Ìfarapa Ọpọlọ Bàbá Oníṣòwò Aṣọ Kan ní Iléṣà

Ọmọ ọdún 74 ni bàbá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Iléṣà ni a bí wọn sí, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí, aṣọ ni wọ́n sì ń tà láti ìgbà èwe. Bàbá tó bí wọn wà lára àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n máa ń gbé aṣọ kiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n á tà á láwìn, tí ọjọ́ bá sì pé, wọ́n á lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n títí owó yóò fi jáde. Bàbá tiwa ò rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní lẹ́bàá ọjà Àtákúnmọ́sà, ìwé gbèsè wà lábẹ́ kántà, ẹlòmíràn kì í sì í fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru láti nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Oògùn méjì ni wọ́n ń lò sí i, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń mú kéèyàn máa tọ̀. Wọ́n tún ń gbé aspirin kékeré mì láràárọ̀, 75 mg. Kì í ṣe dókítà ló kọ ọ́ fún wọn, ọ̀rẹ́ wọn kan ló ní ó dára fún àgbàlagbà. Etí òsì wọn ti di díẹ̀, wọn ò sì lè kàwé láìsí awò ojú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ara wọn le: wọ́n ń wẹ̀ fúnra wọn, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́jà, wọ́n ń ṣírò owó lórí láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn mímú ara tó rọ padà lágbára, ni mò ń ṣe ní Ilé-Ifẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti bá wọn pàdé. Mo ti yí díẹ̀ padà nínú ohun tó lè jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá ẹbí náà mọ̀, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe rìn ni mo ṣe kọ ọ́. Ìdí tí mo fi kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe wà kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ ni pé ibẹ̀ ló yẹ kí ìtọ́jú àgbàlagbà tó forí gbá nǹkan ti bẹ̀rẹ̀. "Ọmọ ọdún mélòó ni?" ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ bèèrè. "Kí ni wọ́n ń ṣe fúnra wọn lóṣù tó kọjá?" ló máa ń jẹ́ ká mọ ibi tí a lè gbé wọn padà dé.

Etí gọ́tà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ń sọdá títì, ọ̀kadà kan sì gbá wọn. Kò le. Wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ṣubú, orí wọn gbá etí gọ́tà, wọ́n dìde fúnra wọn, wọ́n tilẹ̀ bá ọlọ́kadà náà wí kí ó tó lọ. Wọn ò dákú, wọn ò bì. Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ wọn fi omi gbígbóná tẹ ojú ibi tó wú, kẹ́mísíìtì àdúgbò gún wọn lábẹ́rẹ́ ìrora, ọ̀rọ̀ sì tán lójú gbogbo ilé.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ ogún ọdún ni, ó ṣeé ṣe kó tán lóòótọ́. Ti àgbàlagbà yàtọ̀. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ ni ọpọlọ ń súnkì, àyè á sì máa fẹ̀ láàárín rẹ̀ àti agbárí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó gba inú àyè yẹn kọjá, bí àyè ṣe ń fẹ̀ ni wọ́n ń nà, tí ìmìtìtì tí kò tó nǹkan fi lè já ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀jẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀ sábẹ́ awọ tó bo ọpọlọ. Nítorí pé àyè wà fún un láti kún, ẹni náà ò ní mọ nǹkan kan fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, nígbà mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ti bàbá wa yìí tún ní aspirin nínú, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Ìlànà tí àwọn dókítà kan ní Kánádà gbé jáde ní 2001, lórí ẹni tó yẹ kó ya CT scan, àwòrán tí ń fi inú orí hàn, lẹ́yìn tó bá forí gbá nǹkan, ka ọdún 65 sókè mọ́ àwọn àmì ewu ńlá. Ọjọ́ orí níbẹ̀ jẹ́ ìdí láti tètè wá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lágbárí. Ní ilé púpọ̀ níbí, òun ni ìdí tí a kì í fi í wá nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ọmọbìnrin wọn tó ń gbé Òṣogbo wá kí wọn ní òpin ọ̀sẹ̀, òun ló kọ́kọ́ rí i pé sálúbàtà ọ̀tún ń bọ́ lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n á ti rìn dé ẹnu ọ̀nà, bàtà á wà lẹ́yìn láàárín pálọ̀, wọn ò sì ní mọ̀. Ó máa ń ké sí wọn pé, "Bàbá, bàtà yín ti bọ́ o." Wọ́n á bojú wo ẹsẹ̀, ó máa ń yà wọ́n lẹ́nu, wọ́n á padà lọ wọ̀ ọ́. Ti òsì ò bọ́ rí. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àgbà ló dé. Ẹsẹ̀ àgbà ò lè rí bíi ti ọmọdé."

Lẹ́yìn ìyẹn, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn láràárọ̀. Nínú ìwé gbèsè, orúkọ onígbèsè kan wà ní ìgbà méjì lọ́jọ́ kan náà, ìlà ìkọ̀wé wọn sì ń yọ̀ wálẹ̀ sápá ọ̀tún ojú ewé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kí ìyàwó wọn gbé omi ìwẹ̀ wá. Ìyá náà ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tó wá gba ẹnu gbogbo ilé ni pé bàbá ti ń ṣarán.

Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe, nítorí pé kò sí ìgbà tí mi ò gbọ́ ọ. Arán kì í sábà dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ oṣù, ọ̀pọ̀ ọdún ló sábà fi ń yọ́ wọlé. Àgbàlagbà tó ń ṣírò owó lóṣù tó kọjá, tí kò wá mọ ọjọ́ lóṣù yìí, nǹkan kan ló ń ṣe é, ó sì lè jẹ́ ohun tó ṣeé wò.

Ẹbí gbé wọn lọ sí ilé àdúrà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí àdúrà, Iléṣà tí ìsọjí 1930 ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè kò lè ṣe kó má gbàdúrà fún aláìsàn rẹ̀. Ààwẹ̀ tí wọ́n ní kí bàbá gbà ni mo kọ̀. Arúgbó tí ń lo oògùn ìtọ̀, tí wọn ò fún lómi láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí ọpọlọ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ẹrù ẹ̀jẹ̀! Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, wọn ò lè dìde lórí ẹní. Ọmọbìnrin náà wá mọ́tò, ó sì gbé wọn gba ọ̀nà Ifẹ̀.

"Ẹ fẹ́ lu agbárí wọn ni?"

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ń la ojú bí a bá pè wọ́n, wọ́n ń ṣe ohun tí a bá ní kí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. Lórí òṣùwọ̀n tí Teasdale àti Jennett gbé jáde ní Glasgow ní 1974, tí a fi ń wo bí ojú aláìsàn ṣe là sí, 13 nínú 15 ni. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ. A yẹ ṣúgà wọn wò lójú ẹsẹ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. CT scan ni ó kù, owó rẹ̀ ò sì sí nílẹ̀. Àpò ara ẹni ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa fi ń san irú owó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ẹbí tó dáwó jọ tán.

Àwòrán náà fi ẹ̀jẹ̀ ògbólógbòó hàn lápá òsì orí, ó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ó sì ti ti ọpọlọ kúrò láàárín lọ sápá kejì. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara. Sálúbàtà ti sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn.

Ìgbà yẹn ni ìjà bẹ̀rẹ̀ nínú ẹbí. Ọmọkùnrin àgbà ní ẹni ọdún 74 ò yẹ lẹ́ni tí à ń lu orí rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé bàbá òun lọ sílé kí wọ́n lọ fara balẹ̀. Dókítà kékeré kan tó wà níbẹ̀ náà ń mirí sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ wá ṣàlàyé fún wọn pé ihò kékeré méjì ni òun máa lu sí agbárí, pé òun ò ní fọwọ́ kan ọpọlọ fúnra rẹ̀, pé bí ara wọn ò bá gba oògùn oorun, a lè pa ojú ibẹ̀ nìkan lára kúkú. Ẹ̀gbọ́n ò tíì gbà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló sọ ohun tó parí rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ṣírò owó ìwé iléèwé ọmọ yín lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé? Ṣé kì í ṣe Bàbá? Ẹni yẹn lẹ fẹ́ ká gbé lọ kú sílé?" Ọmọkùnrin náà jókòó, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó fọwọ́ sí ìwé.

Omi tó jáde lágbárí wọn dúdú bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti gbó. Oníṣẹ́ abẹ fi rọ́bà sílẹ̀ kí ìyókù máa jò jáde fún ọjọ́ méjì. Rọ́bà yẹn ṣe pàtàkì. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Cambridge, tó jáde ní 2009, fi hàn pé lára àwọn tí a fi rọ́bà sílẹ̀ fún, ìdá 9.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni iṣẹ́ abẹ tún padà kàn. Lára àwọn tí a ò fi sílẹ̀ fún, ìdá 24 ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a ní kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, wọ́n sì gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin wọn sunkún.

Òru ọjọ́ kẹta

Bí àkọsílẹ̀ yìí bá parí síbí, ìtàn iṣẹ́ abẹ ni ì bá jẹ́. Lójú tèmi, ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Lóru ọjọ́ kẹta, bàbá fa dríìpù yọ, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń pe àwọn kan lórúkọ, wọ́n sì ń gbìyànjú láti sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nọ́ọ̀sì rò pé wọ́n fẹ́ sá ni. Nígbà tí ọmọ wọn gbọ́ àwọn orúkọ náà ló sọ fún wa pé àwọn tó jẹ bàbá òun lówó láti ọjọ́ pípẹ́ ni, àwọn mìíràn nínú wọn ti kú. Wọ́n fẹ́ lóṣòó ni. Wọ́n ní àwọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí wọ́n bá san án. Nọ́ọ̀sì méjì ò lè dá wọn dúró, ni wọ́ọ̀dù bá fún wọn ní abẹ́rẹ́ diazepam, oògùn tí ń mú kéèyàn sùn, a sì fi báńdéèjì so ọwọ́ wọn mọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n sùn lọ fọnfọn, wọ́n sùn di ọjọ́ kejì. Wọn ò jẹ, wọn ò mu. Ìgbà tí wọ́n sì jí, ariwo tún bẹ̀rẹ̀. Lórí fáìlì, ẹnì kan kọ ọ́ pé ọjọ́ orí ló fà á.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ni kò gbà. Ó ká aṣọ tó bò wọ́n, ó fọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ìdodo wọn, ibẹ̀ le gbandi. Rọ́bà ìtọ̀ ti ká sábẹ́ itan wọn, kò sí ohun tó ń gba inú rẹ̀ jáde. Nígbà tó tú u, ìtọ̀ tó ṣàn kún àpò náà, ó ṣókùnkùn, ó sì ń rùn. Ó wo ìwé: wọn ò tíì ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé. A gba ẹ̀jẹ̀, sodium wọn, ìyẹn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ 122 mmol/L, nígbà tó yẹ kó wà láàárín 135 sí 145. Oògùn ìtọ̀ tí wọ́n ti ń lò láti ilé, tó lè fa iyọ̀ náà wálẹ̀, ẹnikẹ́ni ò dá a dúró.

Awò ojú wọn wà nínú dúrọ́ọ̀ ní Iléṣà. Nítorí ojú iṣẹ́ abẹ tó wà lápá òsì, apá ọ̀tún ni a ń fi wọ́n sùn lé. Ẹ rántí pé etí òsì ni kò gbọ́ràn. Etí tó gbọ́ràn ló wà nínú ìrọ̀rí, èyí tó di ló kọjú sí wa. Bàbá kan tí kò ríran dáadáa, tí kò gbọ́ ohun tí à ń sọ, tí ìtọ̀ há mọ́ nínú, tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú okùn, tí àwọn àjèjì ń dì mú lóru! Ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lábẹ́ ẹrù kò lè ru ìyẹn.

Kò sí oògùn ńlá kankan nínú ohun tó gbé wọn dìde. Dókítà dá oògùn ìtọ̀ náà dúró, wọ́n sì gbé sodium sókè díẹ̀díẹ̀. Ìkánjú léwu níbẹ̀, torí pé bí ó bá ju bíi 8 sí 10 mmol/L lọ láàárín wákàtí 24, ó tún lè ba ọpọlọ jẹ́ ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n tọ́jú kòkòrò inú ìtọ̀, wọ́n yọ rọ́bà náà, wọ́n fún wọn ní oògùn ìgbọ̀nsẹ̀. A ò fún wọn ní diazepam mọ́, nítorí ó máa ń pẹ́ kó tó kúrò lára àgbàlagbà, ó sì ń da iyè rú sí i. A tú báńdéèjì. A yí bẹ́ẹ̀dì kí etí ọ̀tún lè kọjú sí wa bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ọmọ-ọmọ wọn gbé awò ojú wá láti Iléṣà. Ọmọbìnrin wọn ló ń sùn tì wọ́n, òun nìkan, kì í ṣe oríṣiríṣi ojú lóru kọ̀ọ̀kan, a sì fi iná kékeré sílẹ̀. Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ tí wọ́n fi sọ fún mi pé Ọjọ́bọ̀ ni, pé wọ́n ń ná ọjà níta, àwọn sì wà níbí.

Ọ̀pá aṣọ

Iṣẹ́ tèmi wá bẹ̀rẹ̀ gan-an. Apá ọ̀tún ti ń lágbára, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí wọ́n gbé e sókè, wọ́n á gbé e dé àárín àyà, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ wọ́n. Mo fún wọn ní bọ́ọ̀lù, wọ́n bi mí bóyá ọmọdé ni mo pe àwọn. Ìbéèrè tó tọ́ ni. Bọ́ọ̀lù ò já mọ́ nǹkan kan nínú ayé wọn.

Mo bi ọmọbìnrin wọn bóyá ó lè mú aṣọ wá láti ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ankara kan wá, odindi, tí a ò tíì gé. Mo gbé e lé itan wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi wò ó, ọ̀pá mélòó ni?" Wọ́n kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ pa etí aṣọ náà, wọ́n fọwọ́ rà á, wọ́n ní aṣọ gidi kọ́ ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ òsì di etí rẹ̀ mú sí àárín àyà, wọ́n fi ìka ọwọ́ ọ̀tún mú un, wọ́n sì na apá ọ̀tún lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí ìgúnpá fi nà tán. "Ọ̀kan." Wọ́n kó o jọ, wọ́n tún nà án. "Méjì." Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀ẹ̀kẹrin, apá náà ti ń gbọ̀n, wọn ò sì dúró. Apá tí kì í kọjá àyà níwájú mi ni o.

Ìdí rẹ̀ ò ṣòro. Ohun tí ara ti ṣe fún àádọ́ta ọdún, ọ̀nà rẹ̀ nínú ọpọlọ pọ̀, ó sì jinlẹ̀, bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òmíràn lè wà tí iṣẹ́ á gbà. Àgbàlagbà ní ohun tí ọ̀dọ́ ò ní níbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ púpọ̀ ni pé à ń bá wọn lò ní ọ̀nà tí ìmọ̀ yẹn ò fi ní wúlò fún wọn. Láti ọjọ́ náà, aṣọ ni a fi ṣe ohun gbogbo. Wọ́n ń dìde dúró wọn aṣọ lórí tábìlì, ìyẹn ń kọ́ ara wọn láti dúró láìmì. Wọ́n ń ká a, wọ́n ń tò ó. Mo máa ń fún wọn ní owó kí wọ́n ṣírò ṣéńjì. Níbi ṣéńjì ni a ti rí i pé iyè ò tíì padà tán: bí ìṣirò bá ti ní ipele méjì, ọ̀nà á pòórá mọ́ wọn lójú, inú á sì bí wọn.

Ọ̀wọ̀ tó ń gba agbára lọ

Wọ́n padà sílé, wọ́n ń fi ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n padà wá kí dókítà, èèyàn méjì ló ń dì wọ́n mú. Ẹ̀rù bà wá pé ẹ̀jẹ̀ tún ti kún. Orí ò fọ́ wọn, bàtà ò bọ́, ọwọ́ méjèèjì ń di nǹkan mú dọ́gba. Síbẹ̀ wọ́n tún ya àwòrán, ó mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ jáde nígbà tí a fọ̀rọ̀ wá ẹbí lẹ́nu wò. Àwọn ìyàwó ilé ń fún wọn lóńjẹ lẹ́nu. Àwọn ọmọ ń wẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, ẹni mẹ́ta á ti sáré wá: "Ẹ jókòó, Bàbá, kí lẹ fẹ́? A ó gbé e wá." Ìfẹ́ ni, ọ̀wọ̀ ni, ìtọ́jú òbí tí gbogbo wa ń gbàdúrà fún ni. Òun náà ló ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ wọn. Ní 2007, ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà mú àwọn àgbàlagbà tí ara wọn dá, ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nǹkan bíi kìlógíráàmù kan ẹran ara ẹsẹ̀ ló lọ lára wọn. Àwọn wọ̀nyẹn ò sàìsàn o. Kẹ́mísíìtì tún ti ń ta oògùn oorun fún wọn, torí pé wọ́n ń jí lóru. Ẹni tó bá sùn lọ́sàn-án látàárọ̀ á jí lóru.

Wọ́n sì ń sunkún. Èyí ni ẹbí fi pamọ́ jù, ojú ń tì wọ́n pé bàbá àgbà ń sunkún. Ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ìfarapa ọpọlọ wọ́pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń mú kéèyàn má fẹ́ dìde. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ìwé mi ti kúrò lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Ta ni mo tún jẹ́?"

A jókòó pẹ̀lú ẹbí, mo sì sọ fún wọn ní ṣókí pé kí wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn padà. Ẹ jẹ́ kí Bàbá wọ bùbá fúnra wọn, bó bá tilẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ dúró tì wọ́n, kí ẹ má fọwọ́ kàn án. Kí wọ́n máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì, nígbà gbogbo tí ìpolówó bá dé lórí rédíò. Ọmọ-ọmọ wọn, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ló gba iṣẹ́ náà, ó sì le ju èmi lọ. Owó ọkọ̀ láti Iléṣà sí Ifẹ̀ ò kéré, nítorí náà a ò ní kí wọ́n máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ náà wà nílé, èmi kàn ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Oògùn oorun dópin. Gílóòbù kan dé ọ̀nà balùwẹ̀, ike ìtọ̀ kan dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, torí pé ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ló súnmọ́ àtiṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ní ti ìwé gbèsè, ọmọbìnrin wọn ń kọ ọ́ níwájú wọn, wọ́n ń pè é, ó ń kọ.

Aspirin ò padà. Wọn ò ní àrùn ọkàn rí, wọn ò ní rọpárọsẹ̀ rí. Ìwádìí ASPREE, tó jáde ní 2018, tí àwọn àgbàlagbà tó lé ní 19,000 kópa nínú rẹ̀ ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, aspirin ojoojúmọ́ kò fi kún ọdún ìlera, ó sì mú ẹ̀jẹ̀ dídà pọ̀ sí i. Ẹni tó ti ní rọpárọsẹ̀ tàbí àrùn ọkàn kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọdọ̀ dá oògùn rẹ̀ dúró láìbi dókítà.

Ní oṣù kẹfà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ń fi ọ̀pá rìn dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń jókòó níbẹ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ń wọn aṣọ fún oníbàárà. Ìṣirò ńlá ò padà bọ̀ sípò, mi ò sì rò pé yóò padà tán. Wọn kì í dá sọdá títì mọ́.

Fún àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí

Mi ò sọ pé ọjọ́ orí ò ní ipa. Ó ní. Bí ọ̀dọ́ àti arúgbó bá fara pa bákan náà, ti arúgbó ló máa ń burú jù, ó sì máa ń pẹ́ kó tó yá. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti fọ́ gan-an, tí kò jí bí a ti ń pè é, ọjọ́ orí ń wúwo nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju bó ṣe wúwo nínú ti bàbá yìí lọ, ó sì yẹ ká sọ òótọ́ fún ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ padà ka ohun tó fẹ́ gba ẹ̀mí wọn: aspirin tí kò sí ẹni tó kọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń lọ, ààwẹ̀, owó CT scan, oògùn ìtọ̀, rọ́bà tó ká, diazepam, etí tó wà nínú ìrọ̀rí, ọmọ tó ń fi ọ̀wọ̀ fún bàbá rẹ̀ lóńjẹ lẹ́nu. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó jẹ́ ọdún 74. Gbogbo wọn ló ní ẹni tó lè fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, bí arúgbó tó forí gbá nǹkan bá yí padà lójijì ní wọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀wọ́, kí abẹ́rẹ́ oorun tó dé, ẹ fọwọ́ tẹ inú wọn wò, ẹ wo rọ́bà, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ kẹ́yìn, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ fún sodium, ẹ wo oògùn ilé. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá wọlé ni kí ẹ ti sọ fún ẹbí pé kí wọ́n kó awò ojú, eyín àtọwọ́dá àti ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wá. Kí ẹ sì kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí ojú ewé àkọ́kọ́ fáìlì, kí físíò má bàa gbé bọ́ọ̀lù fún aláṣọ.

Àwọn tí mo tún fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wọn ni kẹ́mísíìtì, torí pé àwọn ló máa ń kọ́kọ́ rí irú aláìsàn yìí, nígbà tí orí ṣì wú, tí ohun gbogbo ṣì rọrùn. Kí wọ́n bèèrè bóyá aspirin tàbí oògùn mìíràn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì wà nínú ohun tí ẹni náà ń lò, bó bá wà, kí wọ́n ní kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e wá pé kí ó máa ṣọ́ ọ fún oṣù mẹ́ta, kì í ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta: orí fífọ́ tó ń pọ̀ sí i, oorun tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ tó ń dàrú, ìkọ̀wé tó yí padà, bàtà tó ń bọ́ lẹ́sẹ̀ kan ṣoṣo.